Asẹ́ Tí Kò Gbọ́ Yorùbá Kò Gbọdọ̀ Dájọ́ Lẹ́tà Wa

Bí a bá ń sẹ́ ògì, èèrí ló yẹ kó kù sójú asẹ́, kí ògì sì kọjá sínú abọ́. Ẹni tó bá da ògì nù pẹ̀lú èèrí kò lè máa fọ́nnu pé asẹ́ òun dára nítorí pé èèrí kankan kò kọjá. Síbẹ̀, irú fọ́nnu bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà láwọn ilé-ìwé: "Ímeèlì pàǹtírí kì í wọlé síbí rárá!" Ó dáa. Lẹ́tà ta ni kò wọlé pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n mú asẹ́ kan tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, èyí tó ń jẹ́ SpamAssassin. Ọ̀fẹ́ ni. Justin Mason ló gbé e jáde lọ́dún 2001, àjọ Apache ló sì ń bójú tó o báyìí. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti olùkọ́ tó ń máàkì ìdánwò, àmọ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ ló fìdí rẹmi. Ohun ìfura kọ̀ọ̀kan tó bá rí nínú lẹ́tà ní máàkì tirẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti tó 5, ó di pàǹtírí. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń so mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè ní plugin, ni ojú àti etí rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ SPF ń wò ó bóyá kọ̀ǹpútà tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní àṣẹ láti lo orúkọ tó lò. DKIM ń yẹ àmì ìfọwọ́sí wò. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọn wọ̀nyí. Méjì péré ni mo bá jà: TextCat àti RelayCountry.

Iṣẹ́ TextCat ni láti mọ èdè tí a fi kọ lẹ́tà. Kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹni tó ń ṣètò asẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án, tó sì kọ àwọn èdè tó fẹ́ síwájú ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ ok_languages. Bí ó bá kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, èdè mìíràn tí asẹ́ bá rí gba máàkì tó lé ní 2 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo àkójọ èdè tí plugin yìí mọ̀ o. Swahili wà níbẹ̀. Èdè Welsh wà níbẹ̀. Látìn pàápàá wà níbẹ̀, èdè tí ìyá kankan kò fi pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun mọ́. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba Yorùbá láàyè kò tilẹ̀ ní rí àmì tí yóò kọ.

Nígbà náà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ìyá kan bá fi Yorùbá kọ̀wé sí ilé-ìwé pé ara ọmọ òun kò yá? Bí kò bá dá asẹ́ lójú, kò ní fún un ní máàkì kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣi èdè náà mú fún èdè mìíràn tí wọn kò fẹ́, ìyà ti jẹ lẹ́tà náà nìyẹn. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa ló jókòó sórí àga adájọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ló ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "vernacular" ní kíláàsì. Ṣé ó wá kù kí ẹ̀rọ máa gba tiwọn lọ́wọ́ àwọn ìyá?

RelayCountry ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà gbà kọjá. Kì í fún lẹ́tà ní máàkì fúnra rẹ̀, ènìyàn ló ń kọ òfin lé e. Bí ilé-ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá wá kọ ọ́ pé NG, ìyẹn Nàìjíríà, gba máàkì 3, tí TextCat sì fi tirẹ̀ tó lé ní 2 kún un, ó ti kọjá 5. Lẹ́tà bàbá àgbà kan láti Ìbàdàn ti di pàǹtírí láìṣẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe Nàìjíríà ni 419 ti wá?" Mi ò sẹ́. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń ta kọ̀ǹpútà, Gary Thuerk, ni gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó kọ́kọ́ fi ímeèlì pàǹtírí ránṣẹ́. Ọdún 1978 ni. Agbẹjọ́rò méjì láti Arizona ló fi ìpolówó kún gbogbo ẹgbẹ́ ìjíròrò Usenet lọ́dún 1994. Ta ló gbọ́ pé wọ́n torí bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà tó ti Amẹ́ríkà wá ní máàkì 3? Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni pé òfin NG kì í mú olè. Gmail ọ̀fẹ́ ni gbájúẹ̀ ń lò, kọ̀ǹpútà Google nílẹ̀ òkèèrè ló sì ń gbé lẹ́tà rẹ̀. Àwọn tí NG yóò mú ni ilé-ìwé àti iléeṣẹ́ tó fi owó ara wọn gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Olè ti wọlé, onílé ló kù síta.

Àwọn kan tún ń sọ pé kí a kúkú fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀ràn. Ọ̀mọ̀ràn wo ló mọ lẹ́tà òbí ju akọ̀wé ilé-ìwé lọ? Plugin kan wà nínú asẹ́ yìí kan náà tó ń jẹ́ Bayes. Àròkọ tí Paul Graham kọ lọ́dún 2002 ló sọ ọgbọ́n inú rẹ̀ di ìlú mọ̀ọ́ká. Bayes kò bìkítà fún èdè. Ó kàn ń ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà tí ẹ fi hàn án pé ó dára, àti nínú èyí tí ẹ pè ní pàǹtírí. Bí "ìpàdé òbí" bá ń jáde nínú lẹ́tà tó dára, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, àmì ohùn kò ní dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n kì í la ẹnu títí yóò fi rí 200 lẹ́tà tó dára àti 200 pàǹtírí. Ibẹ̀ ni ọ̀lẹ ti ń sá. Bẹ́ẹ̀, ilé-ìwé tó ń rí lẹ́tà 10 tó dára lójúmọ́ yóò ní 200 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ti pàǹtírí kì í wọ́n wa. (Kí wọ́n má gbé iṣẹ́ náà fún akẹ́kọ̀ọ́ o, lẹ́tà òbí kì í ṣe ìwé ìròyìn.)

Ẹ̀yin òbí, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ olórí ilé-ìwé: èdè wo ni asẹ́ yín ń fìyà jẹ, orílẹ̀-èdè wo ló sì ń fún ní máàkì? Bí ó bá ní òun kò mọ̀, ẹ ní kí ó pe ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà wá, kí ó ṣí àpò pàǹtírí ti sáà yìí lójú gbogbo yín, kí ẹ jọ ka orúkọ àwọn tó kọ lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀.