Àáró Ni A Pè É, Ẹ Má Ṣe Sọ Ọ́ Di Ọ̀wẹ̀

Kò sí ọmọ àgbẹ̀ kan ní àwọn abúlé Ìwó tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Bí a bá ń ṣe àáró, oko tèmi ni a ó ro lónìí, oko tìrẹ ni a ó ro lọ́la. Ẹnikẹ́ni kì í ṣe ọ̀gá ẹnìkejì níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni ó bẹ̀ wá. Yóò gúnyán, yóò wá ẹran sí ọbẹ̀, a ó jẹ, a ó mu, a ó sì gbà pé òun nìkan ni ó ni ilé tí a bá a kọ́. Ohun tí a kò gbọ́ rí ni kí a pe àwọn ènìyàn sí àáró, kí wọ́n ro oko tán, kí a wá sọ fún wọn pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n wá ṣe, kí a sì ta oko náà lójú wọn láìbi wọ́n léèrè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí ayélujára. Èmi kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá dákẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùfẹ́ orin káàkiri ayé ń tẹ orúkọ àwo orin wọn, àti àkọlé orin kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀, ránṣẹ́ sí àkójọ kan tí a ń pè ní CDDB. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè dárúkọ àwo orin bí a bá ti fi sí i. Kì í ṣe owó ni wọ́n bá dé ibẹ̀. Ìfẹ́ orin ni. Ní 1998, a ta àkójọ náà fún ilé-iṣẹ́ Escient. Lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ di Gracenote, òfin tuntun sì dé bá àwọn tí ó fẹ́ lò ó. Ní 2008, Sony rà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 260 dọ́là. Ọ̀bọ ṣiṣẹ́, ìnàkí jẹ.

Èkejì kò jìnnà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 2008 ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń dáhùn ìbéèrè ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojú òpó kan tí ó ń jẹ́ Stack Overflow. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Prosus, tí ó jẹ́ ọmọ ilé-iṣẹ́ Naspers ti South Africa, rà á ní bílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Ní oṣù karùn-ún 2024, ojú òpó náà kéde àdéhùn pẹ̀lú OpenAI, ilé-iṣẹ́ tí ó ń fi ohun tí ènìyàn kọ kọ́ ẹ̀rọ láti máa fèsì bí ènìyàn. Inú bí àwọn kan nínú àwọn tí ó kọ ìdáhùn wọ̀nyí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ̀rọ náà yóò máa sọ ọ̀rọ̀ wọn láìdárúkọ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pa ìdáhùn wọn rẹ́. Àwọn alákòóso dá ìdáhùn náà padà, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn kan nínú wọn fún ìgbà díẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní yàrá olùkọ́ ilé-ìwé wa. Àlàájì kan tí a jọ ń kọ́ni, tí ó jù mí lọ dáadáa, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó ń san owó iná àti ti ẹ̀rọ tí ó gbé ojú òpó náà dúró? Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìn rere. Ta ni ó fi ipá mú wọn kọ ọ́?" Mo ní, "Ẹ ṣeun, Àlàájì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fèsì." Èsì náà ni mo kọ síhìn-ín.

Òtítọ́ ni pé ẹ̀rọ kì í jẹ atẹ́gùn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Olówó àti àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ lè wúlò fún ara wọn. Èmi kò bá owó jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wa ṣe ọgbà yí oko ká, ọgbà ni ó ṣe. Kò tìtorí ìyẹn di ẹni tí ó gbin iṣu. Bí a bá yọ ìdáhùn àwọn ènìyàn kúrò nínú Stack Overflow, kí ni Prosus ì bá rà? Òfìfo ilé ni. Nípa ti pé ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wọn, mo gbà bẹ́ẹ̀. A kì í fi ipá múni ṣe àáró náà. Ẹni tí ó fi inú dídùn ṣiṣẹ́ ni ó tilẹ̀ yẹ kí a bi léèrè jù lọ kí a tó ta èso rẹ̀.

Síbẹ̀, èmi kò gbè sẹ́yìn àwọn tí ó pa ìdáhùn wọn rẹ́. Ẹni tí ó dáná sun oko nítorí pé ó bá alájọṣe rẹ̀ jà, ọmọ tí ebi ń pa ni ó fìyà jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá ìdáhùn náà wá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọgbọ́n bínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Bomis ni ó ń gbọ́ bùkátà Wikipedia. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí a gbé ìpolówó ọjà sí ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ ti èdè Sípáníìṣì kó ẹrù wọn. Wọ́n dá ìwé ìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ Yunifásítì Seville. Ní oṣù kẹfà 2003, a dá àjọ tí kì í ṣe ti èrè sílẹ̀ láti máa bójú tó Wikipedia. Títí di òní, kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, àpilẹ̀kọ Yorùbá tí ó wà lórí rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. N kò sọ pé ìbínú àwọn ará Sípéènì nìkan ni ó fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n lè bínú kí ó ní láárí, nítorí pé ìwé ìyọ̀ǹda tí ó de iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ó sì gbé e lọ. Wọn kò pa ohunkóhun rẹ́, wọn kò sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ìbínú tí kò ní ìwé lọ́wọ́, ariwo lásán ni.

Ó wá kan àwa. Lójoojúmọ́ ni àwa olùkọ́ ń fi òwe, oríkì, ìtumọ̀ orúkọ àti àlàyé ìbéèrè ìdánwò ránṣẹ́ sí ojú òpó tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín. Ó dára, èdè tí a bá ń há mọ́wọ́ kì í gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, ta ni ó ni ohun tí mo kọ lẹ́yìn tí mo bá ti fi í sílẹ̀? Èkejì, ǹjẹ́ mo lè kó o lọ sí ibòmíràn bí ilé bá gba olówó tuntun? Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá fẹ́ tà á, ǹjẹ́ wọn yóò bi wá, ǹjẹ́ wọn yóò sì dárúkọ wa? Níbi tí ìdáhùn kò bá ti sí nínú ìwé, kí a má ṣe pè é ní àáró. Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe: kí a kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá tí ó yéni, kí olùkọ́ abúlé lè kà á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ àṣà ìran-ra-ẹni-lọ́wọ́ sórí nítorí ìdánwò, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ óò lò ó lẹ́yìn ìdánwò. Wọ́n ní odídẹrẹ́ Ìwó kì í kú sí oko ìwájẹ. Kì í ṣe orí ire rẹ̀ nìkan ni. Ó mọ ọ̀nà ilé ni. Kí ọ̀rọ̀ wa tí ó ń jẹ̀ káàkiri ayélujára náà ní ọ̀nà tí yóò fi máa padà wálé.