Afẹ́fẹ́ Tí Kò Yẹ Kí Ó Wà Níbẹ̀

Bí ìjọba bá ra ẹ̀rọ CT scan tuntun fún ilé ìwòsàn, àwọn òṣèlú a pé jọ, wọn a gé rìbọ́ọ̀nù, wọn a ya fọ́tò. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó lè tètè fi hàn pé ìfun aláìsàn ti lu kò gbọdọ̀ dúró de ẹ̀rọ olówó gọbọi bẹ́ẹ̀. X-ray àyà lásán tó o, èyí tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ìtànṣán rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1895.

Ẹ wo ibà táífọ́ọ̀dù tí ó pọ̀ nílẹ̀ wa. Ara aláìsàn a máa gbóná, àwọn ará ilé a ní ibà lásán ni, wọn a ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọn a se àgbo. Àrùn náà a máa jẹ apá ìparí ìfun kékeré, ó sì lè dá a lu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta. Inú a wá le bí pákó, aláìsàn kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ìfun bá lu, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a tú sínú ikùn. Bí aláìsàn bá jókòó ṣánṣán tàbí tí ó dìde dúró fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, afẹ́fẹ́ náà a gòkè lọ sábẹ́ iṣan pẹrẹsẹ tí ó pààlà láàrin àyà àti ikùn. Lórí àwòrán, a máa hàn ní apá ọ̀tún, lókè ẹ̀dọ̀, bí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Apá òsì gba ìṣọ́ra, nítorí afẹ́fẹ́ inú àpò oúnjẹ máa ń wà níbẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá.

Ohun tí ó ń dunni ni pé wọ́n sábà máa ń ba àwòrán yìí jẹ́ kí wọ́n tó yà á. Wọ́n á gbé aláìsàn wá lórí ibùsùn, wọ́n á yà á bí ó ṣe nà gbalaja, àmì náà sì lè má hàn. Ẹni tí kò lè jókòó, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí ìtànṣán sì gba ìbú wá, afẹ́fẹ́ náà a wá hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀. Kọ́bọ̀ kan kò kún owó rẹ̀. Bí àmì kò bá tilẹ̀ hàn, ìyẹn kò ní kí ìfun má lu. Ọwọ́ dókítà lórí ikùn tí ó le ṣì ni olórí ẹ̀rí.

Ta ni yóò wá ka àwòrán náà ní aago méjì òru? Dókítà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ ni ó sábà máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun ni ó yẹ kí ìjọba náwó lé lórí: kí ó mọ oṣù dúdú yẹn, kí ó mọ ìfun tí ó dí, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti tò sípele-sípele bí àtẹ̀gùn, kí ó sì mọ ìfun ọmọ ọwọ́ tí ó ki ara rẹ̀ bọnú ara rẹ̀, èyí tí skáànù máa ń fi hàn bí òrùka nínú òrùka. Kí àgbà dókítà kan sì wà tí wọ́n ń san owó fún láti dá a lóhùn lórí fóònù lóru.

Ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ náà ń bẹ. Ìyá kan lè máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káàkiri nítorí owó X-ray nígbà tí ìdọ̀tí ìfun ń ṣàn sínú ikùn ọmọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba lè ya àwòrán náà ná, kí ó sì béèrè owó rẹ̀ ní òwúrọ̀.