Ta Ló Ni Tẹlifíṣọ̀n Tó Wà ní Pálọ̀?

Ní ọdún 1955, ilé-iṣẹ́ Zenith ní ìlú Chicago gbé rìmóòtù kan jáde tó rí bí ìbọn ìṣeré ọmọdé. Flash-Matic ni wọ́n pè é. Ẹni tó jókòó sórí àga á nà án sí ọ̀kan nínú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlifíṣọ̀n, á tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ á bà lé igun náà, tẹlifíṣọ̀n á sì gbọ́ràn. Igun kan wà fún títàn àti pípa, méjì wà fún yíyí ìkànnì síwá sẹ́yìn. Èyí tó kù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà náà: ó ń pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ nígbà tí ìpolówó ọjà bá dé, tí àwòrán nìkan á máa yí lọ. Eugene McDonald tó jẹ́ ọ̀gá Zenith kò fẹ́ gbọ́ ìpolówó sétí, ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì fi polówó rìmóòtù náà ni pé ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìpolówó. (Ó ní àléébù kan. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, tẹlifíṣọ̀n a máa yí ìkànnì fúnra rẹ̀ bí ẹni tí òrìṣà gùn.)

Ibi tí ẹni tó ṣe tẹlifíṣọ̀n dúró sí ló yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí. Ẹ̀yìn oníbàárà ló wà. Ó ta ẹ̀rọ, ó gbowó, ó tún fi ohun ìjà lé oníbàárà lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Sony ṣe lẹ́yìn ogún ọdún. Betamax rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1975, jẹ́ kí ènìyàn lè gba ètò sórí kásẹ́ẹ̀tì, kó wò ó nígbà tó bá wù ú, kó sì sáré kọjá ìpolówó. Ọdún kejì rẹ̀ ni Universal àti Disney gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Sony kò sá. Fred Rogers, ẹni tí gbogbo ọmọdé Amẹ́ríkà mọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, jẹ́rìí pé òun ò rí ohun tó burú nínú kí òbí gba ètò òun sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè jọ wò ó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1984, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá Sony láre: ẹni tó gba ètò sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ láti wò ó tó bá yá kò rú òfin.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún ReplayTV. Ẹ̀rọ yìí gbọ́n débi pé ó lè fo ìpolówó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ní ọdún 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá pe SONICblue tó ń ṣe é lẹ́jọ́. Kí ẹjọ́ náà tó parí, SONICblue ti wọko gbèsè lọ́dún 2003. Láàárín ìgbà náà ni Jamie Kellner, ọ̀gá Turner, sọ fún oníròyìn pé ẹni tó bá ń fo ìpolówó, ètò ló ń jí. Ẹni tó dìde lọ tọ̀ nígbà tí ìpolówó ń lọ ńkọ́? Ó ní ìyẹn ṣì ṣeé gbójú fò díẹ̀. Bí àánú rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn.

Títí di àsìkò náà, ìjà náà yé gbogbo ayé: oníṣòwò ń pariwo ọjà, ẹni tó ń wòran ń dí etí, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ń ta òwú fún un kó fi dí i. Ohun tó yí padà ni pé tẹlifíṣọ̀n di ọjà pọ́ọ́kú. Èrè tó wà lórí ẹ̀rọ ńlá kan kéré, ẹni tó bá sì rà á lónìí lè má ra òmíràn fún ọdún méje. Àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó tí yóò máa wọlé lẹ́yìn tí ọjà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rí i nínú pálọ̀ ẹni tó rà á.

Vizio ti ìpínlẹ̀ California ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Láti ọdún 2014 ló ti fi ohun kan sínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tó ń wo ojú ẹ̀rọ náà ní ìṣẹ́jú-àáyá dé ìṣẹ́jú-àáyá, tó ń fi ohun tó rí wé àkójọ ètò àti fíìmù tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, tó sì fi ń mọ ohun tí ará ilé ń wò. Ìbáà jẹ́ láti inú áńtẹ́nà ni, ìbáà jẹ́ díìsì tí wọ́n fi owó wọn rà, ó ń rí i. Tẹlifíṣọ̀n mílíọ̀nù 11 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ta ohun tí wọ́n kó jọ, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó rà á lè so ó pọ̀ mọ́ ọjọ́ orí, owó tó ń wọlé fún ilé, àti bóyá onílé ti gbéyàwó tàbí kò tíì gbé. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Vizio gbà láti san mílíọ̀nù méjì lé igba ẹgbẹ̀rún dọ́là fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ìpínlẹ̀ New Jersey. Ẹni tó bá pín owó yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n mílíọ̀nù 11 yóò rí i pé ogún sẹ́ẹ̀ntì ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ìtanràn náà kò sì pa òwò yìí. Ńṣe ló gbilẹ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di ọdún 2021, èrè tí Vizio ń rí lórí ìpolówó àti ìròyìn nípa àwọn òǹwòran ti ju èyí tó ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń tà lọ. Walmart ra ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún 2024 ní bílíọ̀nù méjì lé ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là, kò sì fi pa mọ́ pé òwò ìpolówó ni òun tìtorí rẹ̀ rà á. Alájàpá tó ń ta gbogbo nǹkan láti orí ìrẹsì dé orí táyà ti ní ojú tó ń wo pálọ̀ báyìí.

Ilé-iṣẹ́ kan ń jẹ́ Telly. Láti ọdún 2023 ló ti ń fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní tẹlifíṣọ̀n ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ojú kékeré kejì nísàlẹ̀ tí ìpolówó ń gbà kọjá, lórí àdéhùn pé wọn ò ní yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣòro láti bínú sí Telly. Ó sọ iye ọjà rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn tó gba owó gidi lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọ́n tún wá ń ta olówó náà lẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ kàn. Owó sísan pàápàá kò gba ènìyàn mọ́: láti ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024 ni Amazon ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpolówó sáàárín fíìmù Prime Video fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti ń san àsansílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tí kò bá fẹ́ ní láti fi dọ́là mẹ́ta ó dín sẹ́ẹ̀ntì kan lé e lóṣooṣù nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló kan àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì.

Èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń to àpótí ti ara wọn. Ohun tó ń ná wọn kò pọ̀ tó bí ènìyàn ṣe lè rò: kọ̀ǹpútà àlòkù kan tàbí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó tóbi tó káàdì báńkì, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2012, háàdì-díìsì tó láyè nínú, àti wáyà HDMI. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ń fi ètò kọ̀ǹpútà Kodi sí, tí àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀rọ géèmù Xbox bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 tí wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, tàbí Jellyfin, tó pínyà kúrò lára Emby ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 nígbà tí àwọn tó ni Emby ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ti jọ ń tún ṣe. Fíìmù, orin, àwòrán ìgbéyàwó, ìwàásù, fídíò ìsìnkú bàbá: gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, kò sì sí ẹni tó ń yọjú sí i láti ta ọṣẹ.

Ẹni tó bá ń gba ètò láti inú áńtẹ́nà ní Comskip láti fi ṣe irinṣẹ́. Ó ń wá ibi tí ojú tẹlifíṣọ̀n ti ṣú fírí, ibi tí ohùn ti dákẹ́, ibi tí àmì ìkànnì ti pòórá ní igun. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ìpolówó wọlé. Pi-hole tún wà, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Bí tẹlifíṣọ̀n bá béèrè ọ̀nà ilé oní-ìpolówó, Pi-hole á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò lè ṣe nǹkan kan sí ìpolówó YouTube, nítorí agbo ilé kan náà ni fíìmù àti ìpolówó jọ ń gbé níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ọ̀kan ti èjì.

Ibì kan wà tí àwọn tó ń to nǹkan yìí ti ń ṣìnà. Wọ́n gbà pé bí àwọn bá ti fi wáyà HDMI so àpótí tiwọn mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ojú amí ti fọ́. Kò tíì fọ́. Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí láti yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù, Madrid àti California yẹ tẹlifíṣọ̀n Samsung àti LG wò. Wọ́n rí i pé LG ń ya ìtẹ̀ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń fi ránṣẹ́ sílé ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti Samsung ń lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ohun tó gba HDMI wọlé pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó sì pani lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tí wọ́n ń wo Netflix tàbí YouTube lórí ẹ̀rọ náà, amí yìí kò ṣiṣẹ́. Àlejò tó lágbára nìkan ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọ inú ẹ̀rọ lọ, tí wọ́n kọ gbogbo ohun tó ṣeé kọ̀ níbẹ̀, ìtẹ̀ka náà dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe to ibi tí ènìyàn ti lè kọ̀ sínú ẹ̀rọ mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kí ènìyàn rí i.

Iṣẹ́ sì wà nínú ẹ̀ o. Ẹni tó to àpótí kalẹ̀ ni yóò máa tún un ṣe. Bí fíìmù bá dúró ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ilé ń ké. Kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ pè láti fi ẹjọ́ sùn. Ó ti di NEPA inú ilé ara rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olè. Àpótí tó ń mú ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ ìpolówó náà ni wọ́n fi ń wo fíìmù tí wọn ò sanwó rẹ̀, Kodi sì ti jìyà orúkọ burúkú nítorí àwọn tó ń tà á pẹ̀lú ọ̀nà ẹ̀yìn nínú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù là á mọ́lẹ̀ pé títa irú àpótí bẹ́ẹ̀ lòdì sófin. Yorùbá kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, fi owó ńlá ṣe Ọ̀run Móoru lọ́dún 1982. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á ká ìgboro, gbèsè sì dé bá ọkùnrin tó pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín. Lónìí, ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tuntun, orí YouTube ni wọ́n ń gbé wọn sí, ìdá márùndínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpolówó tó bá wọlé sórí irú fídíò bẹ́ẹ̀ sì ni ti ẹni tó ni ín. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi ọgbọ́n kan pa ìpolówó orí fíìmù wọ̀nyí, kò tíì ṣe Amazon ní nǹkan kan. Òṣèré ìlú rẹ̀ ló gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá lè fara da ìpolówó náà, kó san owó YouTube Premium, tí apá kan rẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn tí ó ń wo fíìmù wọn.

Ẹni tó sì fẹ́ sanwó náà kì í rí ìtìlẹ́yìn òfin nígbà gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aráàlú láyè ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014 láti ṣe ẹ̀dà díìsì tí wọ́n fi owó ara wọn rà, fún ìlò tiwọn. Àwọn olórin gba ilé-ẹjọ́ lọ, adájọ́ sì fagi lé e ní oṣù Keje ọdún 2015. Òfin náà kú lọ́mọ oṣù mẹ́sàn-án. Bó ṣe wà báyìí, ẹni tó ra fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù tó sì kó o sórí háàdì-díìsì rẹ̀ ti rú òfin níbẹ̀, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n tó ń ya ìtẹ̀ka gbogbo ohun tí ìdílé rẹ̀ ń wò kò rú nǹkan kan, níwọ̀n ìgbà tí onílé ti tẹ "mo gbà" lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ nínú páálí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló sì rọrùn jù láti gba ara ẹni sílẹ̀. Bí wọ́n bá tan tẹlifíṣọ̀n tuntun, á béèrè èdè, á béèrè orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà á béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ibì kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, tí ènìyàn lè tẹ̀ láti fò ó kọjá. Tẹlifíṣọ̀n náà á tàn. Ohun tó bá gba HDMI wọlé á hàn kedere, nítorí àwòrán kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti rìn láti ojú wáyà kan dé ojú gíláàsì. Á máa rán onílé létí láti ìgbà dé ìgbà pé òun ò tíì sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ọmọ tó fẹ́ jáde lóru. Ṣe ni kí wọ́n máa pa á lẹ́nu mọ́ bí Flash-Matic ṣe ń ṣe.