Aago Kọ̀ǹpútà Tó Ń Purọ́ Kò Yẹ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè

Tí kọ̀ǹpútà bá ní ọdún 2015 la wà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí i sí ọjọ́ òní, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ó tún ti padà sí 2015, wọ́n á tún yí i. Bí ẹ bá béèrè pé kí ló ṣe é, "nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni" ni wọ́n máa ń fèsì. Èrò tèmi ni pé èsì yẹn kò tọ̀nà. Fún àwa tá à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, àṣà ká máa fọwọ́ yí aago láràárọ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti kàn wá. Ní ọdún àṣekágbá, ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sílé lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ògbòòrò ni èmi ń lọ, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ bí ìdáhùn àkọ́kọ́ ṣe níye lórí tó. Ẹ bi ìyá àgbà kan lónìí pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan kan, wọ́n á pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Ẹ padà dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ti gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò lẹ́nu yín, wọ́n sì lè fi tiyín dá yín lóhùn, torí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn yé yín. Inú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì ni iṣẹ́ wa wà. Bí fáìlì méjèèjì bá wá ń sọ pé ọjọ́ kan náà la ṣe wọ́n, ní ọdún tí a kò tíì wọ yunifásítì pàápàá, kí la fẹ́ sọ fún alábòójútó wa? A ò lè ní kí ìyá padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí à ń gba ohùn wọn lè má sí mọ́ nígbà tí a bá fi padà lọ.

Kí ló ń fa wàhálà yìí gan-an? Aago kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ kódà nígbà tí ẹ bá ti pa á. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí roboto bíi kọ́bọ̀ ló ń gbé aago yìí dúró. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni CR2032, fóòtì 3 sì ni agbára rẹ̀. Tí iná bá wà lára kọ̀ǹpútà, iná náà ló ń gbé aago. Tí kò bá sí iná, bátìrì nìkan ló kù. Ẹ wá ro ìyẹn wò ní Òkè-Ògùn, níbi tí iná ti lè lọ kó pẹ́ kó tó dé. Níbi tí iná kì í lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń sinmi ni. Tiwa kì í sinmi, ó sì máa ń tètè kú.

Iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí iṣẹ́ bátìrì. Bátìrì ló ń rántí aago. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń tún un ṣe. Kí fóònù tó gbòde, rédíò ni àwọn bàbá wa fi ń tún aago ọwọ́ wọn ṣe: bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ti pe aago, wọ́n á yí tiwọn bá a mu. Irú nǹkan tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn. Ìlànà tó ń tẹ̀ lé ni wọ́n ń pè ní NTP. David Mills ti Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà ló gbé e kalẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 sì ni ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ jáde. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ó mọ̀ pé iṣẹ́ tá a rán ń pẹ́ lọ́nà. Ká ní ẹ rán ọmọ sílé kejì pé kó lọ béèrè aago, tó lo ìṣẹ́jú mẹ́rin ní àlọ àti àbọ̀, tó wá ní, "Wọ́n ní aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún." NTP á pín ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn sí méjì, á fi méjì kún ohun tí ọmọ náà gbọ́, á ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ló lù. Nítorí náà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń fà kò tó ohun tó ń sọ 2015 di ọdún tá a wà.

Ṣùgbọ́n NTP náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí wọ́n ṣe máa ń to Windows fún kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń dá lò, bí aago rẹ̀ bá fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 54,000, ìyẹn wákàtí 15, yàtọ̀ sí ti íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gba àtúnṣe náà. Ìṣọ́ra ni: tí ẹnì kan bá ṣàdédé sọ fún yín pé ọdún mẹ́wàá ti kọjá, ẹ̀yin náà á kọ́kọ́ fura sí i. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó wà ní 2015 fi lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ dalẹ́ kó má kúrò níbẹ̀. Kò tún mọ síbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ìkànnì fi ń fi ara rẹ̀ hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí ọjọ́ tiyín bá jìnnà sí i, Chrome á kọ ọ́ síwájú yín pé "Your clock is behind", kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Ẹni tó ń sáré forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn á máa bú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, aago rẹ̀ ló sì ń lé e padà lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ wo bí aago ṣe ṣìnà kẹ́ ẹ tó wá oògùn fún un.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí ẹ sì yọ wáyà iná ló ń padà sẹ́yìn, bátìrì ni. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, ẹ wo ojú tí wọ́n kọ àmì + sí kẹ́ ẹ tó yọ bátìrì àtijọ́, kẹ́ ẹ sì fi tuntun sí i bó ṣe wà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé rí bátìrì náà mú, torí tó bá gbé e mì, ewu ńlá ni. Ẹ wá tan kọ̀ǹpútà, ẹ fọwọ́ yí ọjọ́ àti aago bá ti fóònù yín mu, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe èyí tó kù. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe. Àwọn kan kò ní bátìrì yìí lọ́tọ̀. Bátìrì ńlá wọn ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Tó bá jẹ́ wákàtí kan géérégé ló fi ṣìnà, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, agbègbè aago ni kẹ́ ẹ wò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ni Nàìjíríà ti ń fi wákàtí kan ṣíwájú Greenwich. West Central Africa ni Windows ń pe agbègbè wa. Africa/Lagos ni Linux ń pè é. Ẹni tó bá lọ gba ohùn sílẹ̀ ní Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ kò ní yí nǹkan kan, àmọ́ tó bá dé Atakpamé ní Tógò, wákàtí kan ló fi ń ṣíwájú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Windows àti Linux lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ fura sí i pé àwọn méjèèjì ni kò fohùn ṣọ̀kan: Linux máa ń ka aago inú ẹ̀rọ sí ti Greenwich, Windows sì máa ń kà á sí ti ilé.

Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìgbà náà ni ká wá bi íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú Settings, ẹ lọ sí Date & time, kẹ́ ẹ tẹ "Sync now". Tó bá kọ̀, ẹ wo Services bóyá Windows Time ń ṣiṣẹ́. Ẹ sì lè lọ sí Internet Time nínú Control Panel, kẹ́ ẹ fi ng.pool.ntp.org tàbí africa.pool.ntp.org rọ́pò time.windows.com. Tó bá ṣì kọ̀, ẹ gbìyànjú íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, torí ojú ọ̀nà tí NTP ń gbà, nọ́ńbà 123, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn máa ń tì í.

Àwọn kan á ní fóònù ti tó, pé aago fóònù kì í ṣìnà. Òótọ́ ni pé fóònù dáa fún gbígba ohùn. Àmọ́ ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kẹ́ ẹ wò ó bóyá kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọwọ́ ẹni tó gbà á ló máa fi hàn. Orí kọ̀ǹpútà la sì ti ń da ọ̀rọ̀ kọ, tí à ń pín in, tí à ń tún un ṣe.

Àwa la mọ̀ jù pé inú agogo ni aago ti jáde, lẹ́yìn ìpajẹ kọ́ńsónáǹtì àti àrànmọ́ fáwẹ̀lì. Wọn kì í lu agogo fún etí ẹnì kan; kí gbogbo èèyàn lè jọ gbọ́ ọ ni wọ́n ṣe ń lù ú. Aago tó bá ń dá sọ tirẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ní kó ṣe.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹ̀ka wa fi bátìrì CR2032 kún ohun tí wọ́n ń rà fún yàrá kọ̀ǹpútà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kò wọ́n. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ gba ohùn sílẹ̀ yẹ aago gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé lọ wò kó tó kúrò nílé, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí a bá fẹnu sọ, bátìrì kò lè pa á rẹ́. Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àwọn fáìlì ohùn tẹ́ ẹ kó pamọ́. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá jọ òótọ́, ẹ kọ ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì rántí, torí ẹlòmíràn máa fẹ́ lò ó lọ́la, kò sì ní rí ẹni tó máa bi.