Ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú fọ́tò

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Òwe yìí ṣì ń jẹ́ òótọ́ ní Ita-Djèbou, ní Sakété, ní Pobè àti ní Kétu. Ṣùgbọ́n lóde òní, ojú nìkan kọ́ ló ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́. Fóònù náà ń wò ó. Bí ìlù bá ti dún, tí ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá yọ sí agbo, ọwọ́ á máa nà sókè, oníkálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán ijó náà á ti dé Cotonou, á sì ti dé Paris. Ta ló fún wọn láyè? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè kékeré.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe eré lásán. Àwọn ìyá ni wọ́n fi ń bọlá fún, kí ìlú lè rí ọmọ, òjò àti àlàáfíà. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀ á jáde, á ṣúre, á kọrin, á sì bá ẹni tó hùwà àìdáa wí láìfi bò. Ní ọ̀sán, àwọn ọkùnrin á gbé ère igi lérí, wọ́n á wọ aṣọ bí obìnrin, wọ́n á sì jó bí ìlù bá ṣe wí. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ogún ìran ènìyàn, ní orúkọ Bénin, Nàìjíríà àti Tógò. Àjọ náà kò ṣàì kìlọ̀ pé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lè sọ ọ́ di ohun ìtajà lásán.

Àwọn kan ń sọ pé ohun tí wọ́n bá jó ní gbangba, ti gbogbo ayé ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò pé. Agbo wà fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń múra kò sí fún gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni awo kan yàtọ̀ sí èkejì. Ní ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìlú mọ ọmọ tó gbé e, kò sí àṣírí níbẹ̀. Ní ti Egúngún, ará ọ̀run ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ní ti Orò, obìnrin àti ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ fojú kàn án rárá. Nígbà tí ẹnì kan bá ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́, kì í ṣe òun nìkan ló ṣẹ̀. Obìnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nítorí Orò lè ṣí fóònù rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó sì rí ohun tó sá fún. Fọ́tò kan ṣoṣo ti ba èèwọ̀ gbogbo ilé jẹ́.

Àwọn mìíràn ń sọ pé kí wọ́n kúkú fòfin de fọ́tò pátápátá. Èyí náà kò dára. Ère igi ń jẹrà, àwọn àgbà sì ń kú. Ohun tí wọn kò bá fi pamọ́ lónìí, àwọn ọmọ kò ní rí i lọ́la. Ìtàn Pierre Verger fi èyí hàn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, wọ́n bí i ní ọdún 1902. Ó gbé ẹ̀rọ fọ́tò rìn káàkiri ilẹ̀ Dahomey, ṣùgbọ́n kò yàwòrán kó sì sá lọ. Ó jókòó ti àwọn àgbà, ó kọ́ Ifá, wọ́n sì sọ ọ́ di babaláwo ní Kétu. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Fátúmbí. Nígbà tó kú ní Brazil ní ọdún 1996, ó fi fọ́tò tó lé ní 60,000 sílẹ̀. Ẹni tó bá ní sùúrù ni ilẹ̀kùn ń ṣí fún.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Amish. Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ń gùn dípò mọ́tò. Púpọ̀ nínú wọn kì í dúró kí wọ́n ya ojú wọn, nítorí Bíbélì sọ pé kí ènìyàn má ṣe ère fún ara rẹ̀. Ayàwòrán tó mọ ẹ̀tọ́ á dúró ní òkèèrè, á ya oko, á ya ẹṣin, á sì fi ojú ènìyàn sílẹ̀. Ní Nikki, níbi ọdún Gaani, àwọn Bàrùbá ń gun ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Níbẹ̀ náà, ọgbọ́n gba ìbéèrè. Ẹṣin kò lè sọ pé òun kọ̀, àmọ́ bí iná fọ́tò bá ta á lójú, ó lè fi ẹsẹ̀ ta ènìyàn.

Òfin orílẹ̀-èdè Bénin lórí ètò ìgbàlódé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ti sọ pé àwòrán ènìyàn wà lára ohun tí òfin ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìlú dúró de òfin nìkan. Kí olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kéde kí ijó tó bẹ̀rẹ̀: èyí ṣeé yà, èyí kò ṣeé yà. Kí ayàwòrán béèrè lọ́wọ́ àgbà, kó sì béèrè lọ́wọ́ ìyá kó tó ya ọmọ rẹ̀. Kó má tan iná sí Ẹ̀fẹ̀ lójú ní òru, nítorí láti inú aṣọ ni ẹni tó gbé e ti ń ríran. Bí iná bá bò ó lójú, ó lè ṣubú. Bí àwòrán bá pa owó, kí ìlú gba ìpín tirẹ̀. Kí ayàwòrán sì mú ẹ̀dà kan padà wá fún àwọn tó yà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni fóònù gbọdọ̀ gbé lọ. Ẹni tó bá béèrè lè gbọ́ "rárá" lónìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn àgbà kan náà lè fún un ní àga, kí wọ́n sì pè é wá sí iwájú agbo.