Àìsàn Tí Kì Í Lọ Bọ̀rọ̀, Nọ́ọ̀sì Tí Kò Jìnnà Ló Fẹ́

  

Gbogbo wa la mọ ìtàn ará Samáríà aláàánú. Nígbà tí a bá ń wàásù lórí rẹ̀, ibi tí ó ti da òróró àti wáìnì sójú ọgbẹ́ la sábà máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé òpin. Ọkùnrin náà kò kàn di ọgbẹ́ kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ó gbé ẹni tí ó fara pa dé ilé èrò, ó san owó sílẹ̀, ó fi í lé ẹnì kan lọ́wọ́, ó sì ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀ wá san èyí tí ó bá kù. Àánú tí ó ń padà wá wo ni, òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí.

Àìsàn kan wà tí ó ń wá tí ó sì ń lọ. Ibà ṣe ọ́, o lo oògùn, ara yá, ó parí. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó dà bí àlejò tí ó ti kó ẹrù rẹ̀ wọlé: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, wárápá, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìwọ àti òun ni ẹ ó jọ máa gbé. Ìṣòro wa ni pé irú àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ẹ wá, wọ́n yẹ̀ yín wò, wọ́n fún yín ní oògùn, ó di gbére. Kò sí ẹni tí ó ń retí yín lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo àdúgbò yín, ẹ ó rí i. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gààrí ló ń tà. Lọ́jọ́ kan wọ́n wo BP rẹ̀, wọ́n ní ó ga, kí ó lọ sí Ìlọrin. Ó wá owó ọkọ̀, ó lọ, ó tò títí di ọ̀sán, wọ́n fún un ní oògùn oṣù kan. Oògùn tán. Orí kò fọ́ ọ, ẹsẹ̀ kò dùn ún, ó ní ara òun ti yá. Lẹ́yìn ọdún méjì, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ wé gèlè, ọwọ́ ọ̀tún kò gbé sókè mọ́, ẹnu sì ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ará ilé ní ayé ló ta á lọ́fà. Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ó ta á lọ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ ni. Àìsàn náà kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Kí ni ìyá yìí nílò? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn. Ẹni tí yóò máa wo BP rẹ̀ lóṣooṣù ni, tí yóò máa fún un ní oògùn tí kò wọ́n, tí yóò sì bi í pé, “Màmá, kí ló dé tí ẹ kò wá lóṣù tó kọjá? A retí yín títí.” Nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ lè ṣe gbogbo èyí nítòsí ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “nítòsí” yìí ti wá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí fún wa. Ẹ kò tíì gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ilé ìsìn CAC Òkè Ìṣẹ́gun ní Èrúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ igbó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà ni ìròyìn ayọ̀ dé pé àwọn 38 ti gba ìtúsílẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa rò ó: nígbà tí ọkàn ènìyàn kò balẹ̀ lójú ọ̀nà, ta ni yóò máa rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin lóṣooṣù nítorí oògùn? Bí aláìsàn àtọ̀gbẹ bá sì sá kúrò nílé lóru láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, ta ni ó mọ oògùn tí ó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀? Bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé nọ́ọ̀sì kan, a ó mọ̀, a ó sì wá a lọ.

A mọ̀ pé ilé ìwòsàn ECWA tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ kò jìnnà sí Èrúkù, a sì ń dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni ènìyàn ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ohun tí a ń wí ni ìtọ́jú tí kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀.

Kílíníìkì nọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Wọ́n á yan nọ́ọ̀sì kan, wọ́n á fún un ní ẹ̀kọ́ àkànṣe lórí àìsàn bíi méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n á fún un ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, yàrá kan, ìwé orúkọ, ẹ̀rọ tí a fi ń wo BP, èyí tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òṣùwọ̀n, àti oògùn. Dókítà á kọ ìlànà sílẹ̀ fún un: bí BP bá ga ju 140 lórí 90 lọ léraléra, oògùn báyìí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, bí kò bá sọ̀kalẹ̀, ohun báyìí ni kí o fi kún un, bí ó bá ti ń lọ sí 180 lórí 110, tàbí tí àyà ń dun aláìsàn, tàbí tí obìnrin náà bá lóyún, má ṣe dá a dúró sọ́dọ̀, fi ránṣẹ́ sí dókítà kíá. Nọ́ọ̀sì yóò yẹ ẹsẹ̀ aláìsàn àtọ̀gbẹ wò, nítorí ọgbẹ́ kékeré tí kò dun onítọ̀hún lè sọ ẹsẹ̀ di gígé. Yóò béèrè nípa iyọ̀ àti máágì tí ó ń wọ inú ọbẹ̀. Ẹni tí kò bá wá, yóò pè é lórí fóònù.

Bóyá ẹnì kan nínú yín ń wí pé, “Nọ́ọ̀sì kẹ̀? Ṣé nọ́ọ̀sì lè ṣe é?” Wọ́n ti ṣe é. Ní agbègbè Hlabisa, ní ìgbèríko KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn 68 ni wọ́n kápá. Nínú 100 tí ó ní àtọ̀gbẹ tí kò gba abẹ́rẹ́ insulin, 82. Nínú 100 tí ó ní ikọ́ fée, 84. Ní Brent ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1979, nọ́ọ̀sì kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Elizabeth Anionwu, pẹ̀lú dókítà Milica Brozović, dá ibùdó ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ní Britain sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde àti ìdílé wọn. Lónìí, nọ́ọ̀sì àtọ̀gbẹ tàbí nọ́ọ̀sì wárápá kì í ṣe ohun tuntun lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ wa sì wà lára wọn. Ọmọ ń tọ́jú ìyá onílẹ̀ ní òkè òkun, ìyá tirẹ̀ ní ilé kò rí ẹni wo BP rẹ̀.

Nílé níbí náà, a kò ṣàìní ìlànà. Ní 2014 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pínpín iṣẹ́ ìtọ́jú láàárín dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ìlera abẹ́lé, wọ́n sì tún un ṣe ní 2018. Ní 2020, ètò ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé 60 ní agbègbè Àbújá, irú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ògùn àti Kánò. Ní Kwara tiwa, ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ ní Ṣọ́ngà ní 2007. Láàárín 2009 sí 2011, àwọn olùwádìí fi àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Afọ́n, níbi tí ètò náà dé, wé àwọn ti Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí kò tíì dé. Nọ́ńbà òkè BP fi ohun tí ó lé ní 10 sọ̀kalẹ̀ ní Afọ́n. Ní Àjàṣẹ́, bíi 5 péré ni. Ètò yẹn ti kógbá sílé, kì í sì í ṣe ti nọ́ọ̀sì nìkan. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé bí oògùn bá wà, tí owó rẹ̀ kò sì pa tálákà, ara àwọn ènìyàn wa ń gba ìtọ́jú.

A kò ní tan yín. Nọ́ọ̀sì tí kò ní oògùn kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń wọn aṣọ tí kò ní abẹ́rẹ́. Bí a bá sì di ẹrù kún ẹrù nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ó wà ní ilé ìlera, láìfi kún owó rẹ̀, láìfún un ní ilé tí ààbò wà, òun náà yóò bá àwọn yòókù lọ sí òkè òkun, a kò sì ní lè bá a wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwa onígbàgbọ́. Ìjà oògùn kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní òpin àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ kínínì wà lára ohun tí ó ya àwọn baba wa Aládùúrà àti àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church láti Britain nípá. A kò fẹ́ tún ìjà náà jà. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wonisàn. Ṣùgbọ́n Hesekáyà gbàdúrà, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ sójú oówo rẹ̀. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da oògùn nù sórí pẹpẹ. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì ní kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì. Bí Ọlọ́run bá ti wò ó sàn, ẹ̀rọ BP yóò jẹ́rìí.

Nítorí náà, a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀, àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara: ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní ilé ìlera Èrúkù, Òsì àti Ìlọ́fà fún àwọn aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ kọ́ nọ́ọ̀sì kan fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní oògùn tí kì í tán, àti dókítà tí yóò máa gbé fóònù rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn opó àti àgbẹ̀ wa.

Àwa ìjọ náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ̀rọ BP kan kò wọ́n ju ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Ẹ jẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, kí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà láàárín wa máa wò ó fún àwọn àgbà lẹ́yìn ìsìn. Kí a san owó adójútòfò fún opó méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sì máa bẹ àwọn tí kò lè rìn mọ́ wò.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ṣé o mọ iye tí BP rẹ jẹ́? Ṣé o mọ ti ìyá rẹ? Bí o kò bá mọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, lọ sí ilé ìlera tí ó sún mọ́ ọ, kí o sì béèrè pé: “Ọjọ́ wo ni ti àwa aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́?” Bí wọ́n bá ní kò sí, tún padà lọ béèrè lóṣù tó ń bọ̀, kí o sì mú ẹlòmíràn dání. Ará Samáríà náà ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa padà lọ. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.