Ẹ Má Rẹ Bátìrì Dróònù Sínú Omi Òkun

Inú korobá ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí í dáná sun odindi àdúgbò.

Àbúrò ìyàwó mi kan ń fi dróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, yàwòrán níbi ìgbéyàwó. Òun náà ló ń lọ sí Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, láti ya bí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dá, ó kó bátìrì rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú iná kíkún, ó di oṣù mẹ́ta. Ìgbà tí yóò fi yọ wọ́n, ọ̀kan ti wú bí àkàrà.

Ẹnì kan ló sọ fún un pé omi iyọ̀ ní í pa iná inú rẹ̀. Omi iyọ̀ kò sì wọ́n wa ní Ìlàjẹ. Ó bu omi òkun sí korobá, ó sọ bátìrì sí i, ó gbé e sí ẹ̀yìnkùlé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀. Ilé pákó sì ni gbogbo àyíká wa!

Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kú." A yọ ọ́, a ha ìpẹtà ẹnu rẹ̀, a fi mítà kàn án (n kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀). Fóltì 11 lé díẹ̀! Omi ti jẹ irin ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n iná inú kò lọ. Bí ẹnu náà bá sì jẹ tán, ọ̀nà wo la ó tún gbà fa iná náà jáde? Nígbà ìjì Ian ní Florida, ní September 2022, àwọn mọ́tò tí ń lo irú bátìrì yìí tí omi òkun bò gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà.

Yàrá mẹ́ta ló wà nínú bátìrì rẹ̀. Bí yàrá kan bá kún, á jẹ́ fóltì 4.2, bí ó bá lọ sísàlẹ̀ 3, ó ti bàjẹ́. Fún ìtọ́jú, nǹkan bíi 3.8 ló dára, èyí ni 11.4 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó kún tó sì jókòó pẹ́ nínú ooru ni gáàsì ń kóra jọ sínú rẹ̀ tó fi ń wú. Nítorí náà, fò ó títí iná yóò fi dín kù, tàbí kí o lo ṣájà tó ní ètò ìtọ́jú. Àwọn bátìrì DJI mìíràn a máa dín iná ara wọn kù. Tirẹ̀ kò sí lára wọn.

Kó wọn sínú ìkòkò amọ̀ tí iyanrìn gbígbẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí o rọra dé e láìdí i pa, jìnnà sí ibùsùn, oòrùn àti bẹntiróòlù. Máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù.

Èyí tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kò wú, gílóòbù mọ́tò onífóltì 12 lè fa iná rẹ̀ tán níta gbangba lórí iyanrìn, kí o sì jókòó tì í. Èyí tó wú, má ṣe fi iná sí i, má gún un, má sọ ọ́ sódò. Lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Bí ó bá ń rú èéfín, kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Májèlé ni èéfín náà.

Tiwa ṣì wà nídìí àgbọn, nínú iyanrìn. À ń retí ẹni tí yóò fi mọ́tò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gba irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ ní Èkó, nítorí n kò jẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi tó ru bẹntiróòlù. Ìyá àwọn ọmọ mi ló ni ìkòkò náà, ó sì ní kí n ra òmíràn fún òun kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó kọjá.